Iná afẹ́fẹ́ àti iná núkílíà: èwo ni ọ̀sà Ìgbògbò lè gbà mọ́ra?

Ará Ìgbògbò ti ń gbé nítòsí ilé-iṣẹ́ iná ńlá tipẹ́. Láti ọdún 1985 ni Egbin ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ létí ọ̀sà, ní ìhà Ìkòròdú níbí, pẹ̀lú ẹ̀rọ mẹ́fà tí agbára gbogbo wọn jẹ́ 1,320 mẹ́gáwáàtì. Gáàsì ni wọ́n fi ń se omi níbẹ̀ títí yóò fi di ooru tó ń yí ẹ̀rọ. Omi ọ̀sà ni wọ́n ń fà láti mú ooru náà tutù, wọ́n á sì dá a padà ní gbígbóná ju bí wọ́n ṣe bá a.

Bí ilé-iṣẹ́ núkílíà ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Yùréníọ̀mù ló dípò gáàsì, kò sì ní èéfín, ohun rere sì ni. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ooru rẹ̀ ló ń di iná. Ìyókù di ẹrù omi. Koeberg nítòsí Cape Town, ilé-iṣẹ́ iná núkílíà kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ ní Áfíríkà, inú òkun ló ń da tirẹ̀ sí. Ọ̀sà tiwa kò jìn bí òkun. Bí omi bá sì ti ń gbóná ni èémí tí ẹja ń rí fà nínú rẹ̀ ń dín kù. Ẹyin ẹja àti ọmọ edé náà a máa bá omi wọ páìpù, bẹ́ẹ̀ ohun tí apẹja Báyékù máa kó lọ́dún tó ń bọ̀ nìyẹn.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ iná núkílíà Fukushima bàjẹ́ lóṣù Ẹrẹ́nà 2011, ìjọba Jàpáánì kó gbogbo èèyàn tó wà láàárín 20 kìlómítà kúrò nílé. Ẹ fi Ìgbògbò ṣe àárín, kí ẹ wọ̀n ọ́n: Ìkòròdú wà níbẹ̀, Ajah tó wà lódìkejì ọ̀sà náà wà níbẹ̀. Irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an, mi ò fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ojú ọ̀nà wo ni gbogbo èrò yìí máa gbà jáde? Ẹ̀gbin tí yùréníọ̀mù ń fi sílẹ̀ sì ń ṣọṣẹ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, bẹ́ẹ̀ a ò tíì gbàgbé ìlú Koko, níbi tí wọ́n ti kó májèlé láti Ítálì wá dà sí wa lọ́rùn ní 1988.

Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Ní Taiba N'Diaye, lórílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gà, ẹ̀rọ 46 ń mú nǹkan bí 159 mẹ́gáwáàtì wá, àyè oko sì wà láàárín wọn. Ariwo wà, òjìji abẹ́ tó ń yí wà, abẹ́ náà sì ń pa ẹyẹ àti àdán. Ẹ má fojú kéré àdán o: òun ló ń gbé èso ìrókò káàkiri igbó wa. Síbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá tú ẹ̀rọ náà palẹ̀ ni ewu rẹ̀ tán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú ni pé bí afẹ́fẹ́ bá dín kù sí ìlàjì, ìdá kan nínú mẹ́jọ iná ló máa kù. Afẹ́fẹ́ Ìkòròdú kò le tó ti àríwá, níbi tí ẹ̀rọ 37 wà ní Lambar Rimi ní Katsina.

Nítorí náà, ní tèmi, kí wọ́n má gbé núkílíà wá sétí ọ̀sà yìí, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ lọ síbi tí afẹ́fẹ́ wà. Ohun tó yẹ ká bèèrè lọ́wọ́ ìjọba báyìí kò ju èyí lọ: kí wọ́n máa wọn ooru omi tó ń ti Egbin padà sọ́sà, kí wọ́n sì máa ka èsì rẹ̀ fáwọn apẹja ní èdè Yorùbá.