Ilẹ̀ tí Àdá Kì í Wọ̀

Ó ṣòro kí ènìyàn rí ẹbí onílẹ̀ ní Adó-Èkìtì, tàbí ní Ìyìn, ní Ìlawẹ̀, ní Afàò àti ní Ìgbẹ́mọ, tí kò ní igun kan nínú ilẹ̀ rẹ̀ tí a kì í mú àdá wọ̀: bóyá ibi tí a sin ẹni tí Ilẹ̀gbóná, àrùn Ṣọ̀pọ̀ná, pa sí ni, bóyá ibi tí àrá ti sán pa ènìyàn ni, bóyá ibi tí ẹnì kan ti pokùn so ni, tàbí ibi tí àwọn ará ìṣáájú ti bá ara wọn jà, tí wọ́n da èpè àti oògùn sílẹ̀, tí a sì gbà pé ohunkóhun tí a bá gbìn síbẹ̀, ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ kò ní rí ire. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sì í burú lójú. Nítorí pé ọkọ́ kò kàn án láti ìgbà pípẹ́, ewé ti wó lé ewé, wọ́n ti jẹrà mọ́lẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú minimini, ó sì lọ́ràá ju oko tí a ń ro lọ́dọọdún lọ. Èèwọ̀ tí a fi dáàbò bo àgbẹ̀ ni ó sọ ibẹ̀ di ohun tí ojú rẹ̀ kò lè kúrò lára rẹ̀.

Kí a tó bá àgbẹ̀ olóríkunkun tí ó fẹ́ ro irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wí, ó yẹ kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ilẹ̀ olókè ni Èkìtì. Àwọn àpáta bí Ọlọ́ta ní Adó àti Ọlọ́sunta ní Ìkẹ́rẹ́ gba àyè tí ẹnikẹ́ni kò lè kọ ebè sí, ìlú sì ń fẹ̀ wọnú oko, pàápàá láti ìgbà tí Adó ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀ ní 1996, tí oko etílé tí bàbá fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ fi ń di ilé àti títì. Ẹni tí iṣu rẹ̀ kò ta dáadáa mọ́ nítorí pé ilẹ̀ rẹ̀ ti ṣá, tí owó ilé-ìwé ọmọ sì wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ wá ní kí ó máa wo ilẹ̀ dúdú níran nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí a tó bí i. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Síbẹ̀ àwọn àgbà kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ẹ wo Ṣọ̀pọ̀ná, Ọbalúayé, òrìṣà àrùn Ilẹ̀gbóná, ẹni tí àwọn baba wa bẹ̀rù débi pé wọn kì í fẹ́ pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ẹni tí ó bá pa, a kì í sin ín sílé bí a ti ń sin òkú àgbà. Àwọn àwòrò ni yóò gbé e lọ sínú igbó, wọn a sì kó aṣọ àti ẹní rẹ̀ dání. Òrìṣà ni wọ́n sọ fún àgbẹ̀ pé ó ni ibẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí oníṣègùn òyìnbó yóò sọ kò jìnnà sí i, nítorí èépá ara ẹni tí àrùn náà pa, àti aṣọ tí ó fi bora, lè gbé e ran ẹlòmíràn. Ẹni tí kò lọ síbẹ̀ lọ kọ ebè yè, ì báà mọ ìdí rẹ̀, ì báà má mọ̀ ọ́n.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń yí àgbẹ̀ lọ́kàn padà ni ó wù mí kí a fara balẹ̀ wò. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ààlè sójú ọ̀nà: màrìwò, àkísà pupa, ìkarahun ìgbín, kùùkù àgbàdo. Bí ó bá ṣe bí ẹni tí kò rí i, olórí ẹbí á ránṣẹ́ pè é, a ó sọ fún un pé, “Ọmọ mi, jókòó,” a ó sì ka orúkọ àwọn tí ọ̀ràn ilẹ̀ náà ti kàn rí fún un, àwọn tí ó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe ará ibòmíràn. Bí iyèméjì bá kù, a ó lọ sọ́dọ̀ babaláwo, kí ó má baà rò pé ẹnì kan ń jowú òun. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Olórí ẹbí tí ó ń sọ pé “má dá ibí yìí” ni ẹni kan náà tí ó ń pín ilẹ̀ oko fún ọmọ ilé, nítorí náà kò lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó sì kọ̀ láti fi òmíràn hàn án. Ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń bá ọmọ wí, ọwọ́ òsì ni a fi ń fà á mọ́ra. Ilẹ̀ Ọ̀gẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí kò sì gbé ìbínú rẹ̀ títí ayé: ètùtù wà tí a lè ṣe, tí a ó fi ṣí ibẹ̀ sílẹ̀ padà fún ọkọ́.

N kò ní í tìtorí èyí sọ pé gbogbo èèwọ̀ ni ó mọ́. Àwọn kan ti fi ààlè gba oko opó àti ọmọ òrukàn. Bí àrá bá sán, owó ètùtù tí àwọn oníṣàngó máa ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ọ̀ràn bá lè sọ ọ́ di onígbèsè. Dókítà Oguntọla Sapara, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó ṣiṣẹ́ ìṣègùn ní Èkó, fi ọgbọ́n wọ inú ẹgbẹ́ awo Ṣọ̀pọ̀ná, ó sì rí i pé lára àwọn àwòrò náà ni àwọn tí ó ń tan àrùn ọ̀hún kálẹ̀ wà. Àrùn Ilẹ̀gbóná náà fúnra rẹ̀ ti parí ní Nàìjíríà láti 1970, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní 1980 pé ó ti tán láyé. Mo gbà pé igbó tí a tì nítorí rẹ̀ nìkan ti tó ṣí fún àgbẹ̀, kí àwọn àgbà ṣe ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe, kí wọ́n sì yọ̀ǹda rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ mìíràn ti bàjẹ́ lóde òní tí ètùtù kò ràn. Ní 1988 ni a rí i pé wọ́n ti kó ìdọ̀tí olóró tí ó lé ní 3,000 tọ́ọ̀nù láti Ítálì wá dà sí Koko, ní ibi tí ó di Ìpínlẹ̀ Delta lónìí, nínú àgbàlá ẹni tí wọ́n ń san owó kékeré fún lóṣooṣù. Ti Zamfara burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2010, àwọn oníṣègùn Médecins Sans Frontières gbọ́ pé àwọn ọmọdé ń kú ní àwọn abúlé bíi Dareta àti Yargalma. Òjé ni ó wà nínú òkúta wúrà tí àwọn ará ibẹ̀ ń wà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà ni wọ́n fi ń lọ̀ ọ́, nínú ilé, eruku rẹ̀ sì bo ibi tí ọmọ ń rá. Ọmọ tí ó kú lé ní 400. Nígbà tí a kọ́kọ́ béèrè, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará abúlé náà kò fẹ́ sọ̀rọ̀ wúrà, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ìjọba yóò fi òfin de iṣẹ́ tí ó ń mówó wọlé ju oko lọ. Àgbẹ̀ Èkìtì tí ó fi ẹ̀yìn sí ààlè yóò mọ irú ẹ̀rù yẹn.

A kò sì bá àwọn ará Zamfara náà sọ̀rọ̀ èèwọ̀ nìkan. A gba àwọn ọ̀dọ́ abúlé síṣẹ́ láti ha erùpẹ̀ olóró kúrò nínú àgbàlá wọn, a lọ rì í mọ́lẹ̀, a sì kó erùpẹ̀ tí ó mọ́ wá dípò rẹ̀, nítorí àwọn oníṣègùn ti sọ pé kò sí àǹfààní nínú kí a wo ọmọ sàn kí ó tún padà sórí òjé. Ní Bagega, abúlé tí ó tóbi, owó ìjọba àpapọ̀ tí a fẹ́ fi tún ilẹ̀ ṣe kò jáde títí di 2013. Ọdún kẹta ti pé kí àwọn ọmọ ibẹ̀ tó lè bẹ̀rẹ̀ oògùn.