Kí Ẹ̀jẹ̀ Má Tán Kí Ọkọ̀ Tó Dé: Àpò Ìtọ́jú Pàjáwìrì fún Ẹgbẹ́ Ọdẹ àti Pápá Ìyìnbọn

Ta ni ìwé yìí wà fún?

Ibikíbi tí ìbọn bá ti ń dún láàárín èèyàn ni ìwé pélébé yìí wà fún. Ẹ̀yin ọdẹ tó ń wọ ìgbẹ́ lóru, ẹ̀yin ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn lórí pápá ìkọ́ṣẹ́ yín, ẹ̀yin tó ń yìnbọn lọ́jọ́ ọdún Ògún tàbí níbi ìsìnkú ọdẹ ẹlẹgbẹ́ yín, ẹ̀yin la ń bá sọ̀rọ̀.

Àwa òṣìṣẹ́ yàrá pàjáwìrì la máa ń gba ẹni tí ìbọn bà lọ́wọ́ àwọn tó gbé e wá. Bí a bá béèrè ohun tí wọ́n ti ṣe fún un lọ́nà, wọ́n á ní àpótí ìtọ́jú wà nílé Olúọdẹ. Bí a bá ní kí wọ́n ṣí i fún wa wò lọ́jọ́ kejì, parasitamọ́ọ̀, sípíríìtì, òwú díẹ̀ àti pílásítà kékeré la máa ń bá níbẹ̀. Orí fífọ́ àti ìka tí ọ̀bẹ gé ni nǹkan wọ̀nyẹn wà fún. Kò sí èyí tó lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára itan tí ọta ti dá lu.

Ẹ̀jẹ̀ inú àgbàlagbà kò ju bíi lítà 5 lọ. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá inú itan bá já, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló lè gbà kí ẹni náà tó kú. Kò sí áńbúláǹsì tó lè bá ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ nínú oko. Ẹni tó dúró tì í lásìkò náà ni dókítà rẹ̀ àkọ́kọ́, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló sì máa fi ṣe é. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ kí ẹ tún àpò yín dì.

Ohun tó yẹ kó wà nínú àpò

Àpótí onígi tí wọ́n kàn mọ́ ògiri kò wúlò fún yín. Àpò tí omi kò lè wọ̀ ni kí ẹ lò, kó jẹ́ aláwọ̀ pupa bó bá ṣeé ṣe, kó sì ṣeé fi ọwọ́ kan ṣí nínú òkùnkùn. Ohun tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró ni kó wà lókè pátápátá. Ẹ kó ọ̀já tí àwọn dókítà ń pè ní tourniquet síbẹ̀, ó kéré tán méjì, nítorí ọ̀kan lè má ká itan ẹni tó sanra, èèyàn méjì sì lè fara gbọta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kó gọ́ọ̀sì gígùn tó mọ́, tó pọ̀ dáadáa, àti báńdéèjì fífẹ̀ tó ń fà. Ẹ kó ìbọ̀wọ́ rọ́bà bíi mẹ́rin-márùn-ún tì í, kí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì má baà kan yín lára.

Lẹ́yìn náà ni sáàsì líle tó lè gé ṣòkòtò ọdẹ, ìlẹ̀mọ́ àyà méjì tí a ń lẹ̀ mọ́ egbò àyà, bùláńkẹ́ẹ̀tì, máàkà dúdú kan, àti tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń so mọ́ iwájú orí.

Gọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n fi oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì sí, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wọ́n. Bí apá ẹgbẹ́ yín kò bá ká a, gọ́ọ̀sì lásán ṣe iṣẹ́ náà. Kìkì pé ẹ máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pẹ́ ju ti oníoògùn lọ. Ti ọ̀já tourniquet ni kí ẹ má ṣe ṣọ́wó ná lé lórí. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà, ọ̀pá ike tó wà lára rẹ̀ sì máa ń kán nígbà tí wọ́n bá yí i le. Ẹ ra ọ̀kan sí i tí ẹ ó máa fi kọ́ṣẹ́, kí ẹ má baà lo èyí tó wà nínú àpò gbó kí ọjọ́ tí ẹ máa nílò rẹ̀ tó dé.

Bí ẹ ṣe ń de ọ̀já náà

Kí ẹ tó sún mọ́ ẹni tó ṣubú, kí gbogbo ìbọn kọ́kọ́ dákẹ́, kí ẹnu wọn kọjú sílẹ̀, kí ẹnì kan sì máa ṣọ́ wọn.

Apá àti ẹsẹ̀ nìkan ni ọ̀já yìí wà fún. Òkè ojú egbò ni kí ẹ dè é sí, ní ìhà tó sún mọ́ ara, bí ìka mẹ́ta sí mẹ́rin sókè egbò náà. Kò gbọ́dọ̀ bọ́ sórí orúnkún tàbí ìgbọ̀nwọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí ẹ kò rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, ẹ má fi àkókò ṣòfò láti wá a. Ẹ kó ohun tó wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀ kúrò, kí ẹ de ọ̀já náà lé orí aṣọ, lókè itan pátápátá. Ẹ fà á títí ìka kò fi ní í rí àyè wọ abẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ máa yí ọ̀pá ara rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá, kí ẹ sì fi ọ̀pá náà há ibi tí wọ́n ṣe fún un. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì ń dà, ẹ de èkejì sókè àkọ́kọ́.

Yóò dùn ún gan-an. Á kígbe, á bẹ̀ yín pé kí ẹ tú u, bóyá ẹ̀gbọ́n yín ló ń bẹ̀ yín bẹ́ẹ̀. Ẹ má tú u. Ẹ fi máàkà kọ aago tí ẹ dè é sí ara ọ̀já náà tàbí sí iwájú orí rẹ̀, kí dókítà lè mọ iye àkókò tó ti lò. Wákàtí 2 ni a máa ń kà sí àkókò tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, nítorí náà ẹ tètè gbé e lọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá jìn, dókítà ni kó tú u, kì í ṣe ẹ̀yin.

Wọ́n fi ọ̀kadà gbé ọdẹ kan wá bá wa lóru ọjọ́ kan. Okùn tínrín ni wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ìsàlẹ̀ ojú egbò ni wọ́n sì so ó sí. Nígbà tí a gé okùn náà, ó ti wọ inú ẹran ara. Bàtà rọ́bà rẹ̀ tí a fà yọ kún fún ẹ̀jẹ̀. Ohun tó jẹ́ kó yè ni pé àbúrò rẹ̀ tó jókòó tì í lẹ́yìn ti ìkúùkù mọ́ òkè itan rẹ̀ láti inú oko títí dé ẹnu ọ̀nà wa, kò sì gbé e kúrò. Apá ọmọkùnrin náà ń gbọ̀n nígbà tí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ẹ kò bá ní ọ̀já oníṣẹ́, ọ̀já tí ìyá fi ń pọnmọ dára ju okùn tàbí wáyà lọ. Ẹ ká a kó fẹ̀ tó ìka méjì sí mẹ́ta, ẹ ta á ní kókó kan, ẹ gbé igi tó nípọn bí ìdí orógùn lé e, ẹ ta kókó kejì lé igi náà, kí ẹ wá máa yí i. Bírò kò lè ṣe é, kíkán ni yóò kán.

Ibi tí ọ̀já kò lè dé

Abíyá àti ibi tí itan ti pàdé ikùn kò ṣeé dè. Ẹ fi ìka wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ru jáde gan-an, kí ẹ ki gọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́, kí ìka kan má kúrò kí èkejì tó rọ́pò rẹ̀, bí ẹni ń ki òwú sínú ìrọ̀rí, títí ihò náà yóò fi kún. Ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, kí apá nà tọ̀ọ̀, kí ẹ gbé ara lé e. Ẹ wo aago: ìṣẹ́jú 10 fún gọ́ọ̀sì lásán, ìṣẹ́jú 3 fún oníoògùn. Ẹ má gbé ọwọ́ láti yọjú wò ó. Bí ẹ̀jẹ̀ bá rin gọ́ọ̀sì, ẹ kó òmíràn lé e, ẹ má fa ti abẹ́ yọ. Ti ọrùn náà rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ tí egbò wà nìkan ni kí ẹ tẹ̀, kí ó lè máa mí.

Àyà, ikùn, ojú, àti ìbọn tó bẹ́

Bí ọta bá lu àyà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ó lè ti gba ibẹ̀ jáde. Ìlẹ̀mọ́ àyà tó ní ojú tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde ni kí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ kò bá ní in, ẹ fi egbò náà sílẹ̀ ní ṣíṣí, ẹ má fi ọ̀rá dí i pa. Bí èémí rẹ̀ bá ń le sí i lẹ́yìn tí ẹ lẹ̀ ẹ́, ẹ ká etí ìlẹ̀mọ́ náà sókè díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó há síbẹ̀ jáde.

Ìfun tó bá tú síta, ẹ má tì í padà. Ẹ fi gọ́ọ̀sì tí ẹ ti fi omi mímọ́ rin bò ó. Ojú tí ọta bà, ẹ má fọwọ́ rà á, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ìdí kọ́ọ̀bù bébà dé e, kí ohunkóhun má kan ẹyinjú.

Ìbọn ṣakabùlà tó bẹ́ mọ́ni lọ́wọ́ máa ń jó ni lára, ó sì lè gé ìka. Ibi tí iná ẹ̀tù jó, ẹ da omi tútù sí i fún ìṣẹ́jú 20. Ìka tó já, ẹ fi gọ́ọ̀sì tútù wé e, ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ wá gbé ọ̀rá náà sáàárín píọ̀ wọ́tà tó tutù. Yìnyín kò gbọ́dọ̀ kan ìka náà fúnra rẹ̀. Ẹ gbé e wá pẹ̀lú aláìsàn.

Ẹ bo ẹni náà kí otútù má mú un, kódà bí oòrùn bá mú. Ẹ má fún un ní oúnjẹ, omi tàbí ògógóró, nítorí ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ la máa ṣe fún un.

Ohun tí a kò fẹ́ bá lójú egbò

Ewé akíntọ́lá tí àgbẹ̀ ń fún sójú ibi tí àdá gé, a mọ̀ ọ́n, bàbá wa náà lò ó. Ṣùgbọ́n egbò ìbọn jìn, ọ̀wọ́ ewé kò lè dé ìdí rẹ̀, ìdọ̀tí ara ewé sì lè wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni epo pupa, kẹrosíìnì àti iyọ̀. A kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ayẹta rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń dà, ọ̀já ni kí ẹ nawọ́ mú. Ẹ má sì fi ọ̀bẹ wá ọta nínú ara. Ọta tó dúró síbẹ̀ lè jẹ́ òun ló dí iṣan ẹ̀jẹ̀. Nílé ìwòsàn, ẹ rán wa létí abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, kódà fún egbò kékeré.

Ilé ìwòsàn kò gbọ́dọ̀ lé yín

Ọ̀pọ̀ ló ti kú nítorí pé àwọn tó gbé wọn ń bẹ̀rù ọlọ́pàá. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2017 lórí ìtọ́jú dandan fún ẹni tí ìbọn bà sọ ọ́ kedere pé ilé ìwòsàn gbogbo, ti ìjọba àti ti aládàáni, gbọ́dọ̀ gbà á lójú ẹsẹ̀, yálà ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí, yálà wọ́n san owó ṣáájú tàbí wọn kò san. Iṣẹ́ ilé ìwòsàn ni láti fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí 2 tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Òfin kan náà ní kí ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀, títí kan agbófinró, ṣèrànwọ́ láti gbé e lọ. Nọ́ńbà pàjáwìrì káàkiri Nàìjíríà ni 112. Bí ọkọ̀ bá wà nítòsí, ẹ má dúró de áńbúláǹsì.

Ṣíṣe àyẹ̀wò àpò

Oòrùn máa ń ba ìbọ̀wọ́ rọ́bà jẹ́, ìlẹ̀mọ́ àyà sì ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán. Kí ẹnì kan tí gbogbo ẹgbẹ́ mọ̀ lórúkọ máa tú àpò náà wò lóṣooṣù àti ṣáájú ìjáde èyíkéyìí. Kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sì mọ ẹni tó gbé e.

Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kí a kọ́ òun ní dídè àti kíkì, kí akọ̀wé rẹ̀ wá bá nọ́ọ̀sì àgbà ní yàrá pàjáwìrì wa láàárọ̀. Ẹ mú àpò yín dání bó ṣe rí gẹ́lẹ́, ẹ má kọ́kọ́ tún un tò.