Pípààrọ̀ Táǹkì Epo Tó Ti Dípẹtà nínú Peugeot 504

Nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tí ó ṣì ń rìn ní Nàìjíríà, Peugeot 504 ni ó so mọ́ orúkọ ìlú Kàdúná jù lọ, nítorí pé ní gúúsù ìlú náà, ní agbègbè ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí Kúdẹ́ńdà àti Kákúrì wà, ni ilé-iṣẹ́ Peugeot Automobile Nigeria ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ náà pọ̀ láti ọdún 1975. Ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ní ilẹ̀ Faransé, òun ni ó sì gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari Rally ti ilẹ̀ Kẹ́ńyà ní 1975, kí ẹ̀yà rẹ̀ onílẹ̀kùn méjì tí a ṣe fún eré tó tún gbà á ní 1978. Àwọn tí ó ṣì ní in lónìí mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í tètè kú, ṣùgbọ́n táǹkì epo rẹ̀, tí a fi páànù irin ṣe, máa ń dípẹtà bí ọjọ́ bá ti lọ lórí rẹ̀.

Omi ni ó ń fa ìpẹtà náà. Bí epo bá ṣe ń dín kù ni afẹ́fẹ́ ń gba ihò èémí táǹkì wọlé láti rọ́pò rẹ̀. Ní àkókò òjò, afẹ́fẹ́ yìí máa ń kún fún ọ̀rinrin, tí irin bá sì tutù lóru, ọ̀rinrin náà a di ẹ̀kán omi lára òkè táǹkì, a sì sọ̀ kalẹ̀ sínú epo. Níwọ̀n bí omi ti wúwo ju bẹntiróòlù lọ, ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó ń lọ jókòó sí, ibẹ̀ ni ó sì ti ń jẹ irin díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí táǹkì ọkọ̀ tí a gbé sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ pẹ̀lú epo díẹ̀ fi ń tètè bàjẹ́ ju ti ọkọ̀ tí ń jáde lójoojúmọ́ lọ. Epo fúnra rẹ̀ lè dá kún un: ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìjọba kéde pé mẹ́tánọ́ọ̀lù, ìyẹn irú ọtí líle kan tí kò ṣe é mu, ti pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ nínú bẹntiróòlù kan tí wọ́n kó wọ orílẹ̀-èdè yìí, bẹ́ẹ̀ ohun tí ń fa omi mọ́ra ni mẹ́tánọ́ọ̀lù.

Àmì tí ó wọ́pọ̀ ni pé ọkọ̀ a ṣíná dáadáa, a rìn díẹ̀, a wá máa wúkọ́ bí ó bá ń gun òkè, títí yóò fi kú. Bí ó bá sinmi tán, a tún ṣíná. Ohun tí ó fà á ni pé ẹ́ńjìnnì ń fa ìpẹtà mọ́ epo, ìpẹtà náà ń dí ẹnu páìpù, tí fífà bá sì dáwọ́ dúró, ó ń já bọ́ padà. Bí a bá tú fílítà epo sórí aṣọ funfun, a óò rí ẹ̀tù pupa kúnná bí aáṣáà.

Bí ìpẹtà bá jẹ́ ti ojú lásán, a lè fi ásíìdì fọ táǹkì, kí a ṣàn án, kí a sì gbẹ ẹ́ kíákíá. Ṣùgbọ́n bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti lu káàkiri, pípààrọ̀ ló yẹ, nítorí pé páànù tí ó ti fẹ́lẹ́ kò lè gba iná wẹ́dà. Ewu ńlá sì wà nínú jíjó táǹkì: òórùn epo tí ó kù nínú táǹkì òfìfo, bí ó bá pọ̀ tó nǹkan bí ìdá 1.4 sí 7.6 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ibẹ̀, lè bú gbàmù bí iná bá kàn án. Táǹkì òfìfo wá léwu ju èyí tí epo kún lọ.

Nígbà tí mẹkáníìkì bá fẹ́ yọ ọ́, yóò kọ́kọ́ tú orí bátìrì, yóò fa epo tán ní ìta gbangba tí kò sí iná, yóò yọ hóòsì àti wáyà géèjì epo, yóò sì fi jáákì gbé táǹkì ró kí ó tó tú nọ́ọ̀tì tí ó dì í mú. Kí wọ́n tó gbé èyí tuntun wọlé, kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ fọkanáísà fẹ́ páìpù epo láti ìdí dé orí, kí wọ́n fọ kabúrétọ̀, níbi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé, kí wọ́n sì pààrọ̀ hóòsì rọ́bà àti fílítà. Kí ihò èémí là gaara, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ epo kò ní lè jáde. Bí ó bá jẹ́ táǹkì tòkunbọ̀ ni wọ́n rà, kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀ kí wọ́n tó sanwó.

Lítà epo díẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ rọ sí i, kí a wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ó ń jò, kí a tó rọ ọ́ kún. Fílítà tí a bá tú wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi méjì ni yóò sọ bóyá iṣẹ́ náà pé: bí ẹ̀tù pupa bá tún wà nínú rẹ̀, inú páìpù ni ìpẹtà àtijọ́ ṣì wà, kì í ṣe ẹ̀bi táǹkì tuntun.