Àkọ̀ Ìbọn Àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó: Bí A Ṣe Lè Dá Orísun Rẹ̀ Mọ̀

Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ náà, àkọ̀, ti wà nínú èdè Yorùbá kí ìbọn ìléwọ́ tó dé. Àkọ̀ idà àti àkọ̀ ọ̀bẹ ni àwọn baba ńlá mọ̀. Orúkọ yìí náà ni a wá fi ń pe àpò awọ tàbí kánfáàsì tí ọmọ ogun ń so mọ́ ìgbànú láti ki ìbọn ìléwọ́ bọ̀. Bí irú àkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá jáde láti inú àpótí olóògbé ní agboolé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ìtàn kan sábà máa ń bá a jáde: èyí ni baba wa lò ní Bọ́mà. Ìtàn náà lè jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n orísun tí à ń wá kì í ṣe ìbéèrè kan ṣoṣo. Mẹ́rin ni. Ìbọn wo ni a ṣe àkọ̀ náà fún? Níbo ni a ti ṣe é, lọ́dún wo? Ìjọba wo ni ó ni ín? Ọ̀nà wo ni ó gbà dé Èkó? Ẹ̀rí tí ó dáhùn ọ̀kan kò gbọdọ̀ di ìdáhùn fún àwọn yòókù.

Ìrísí àkọ̀

Ìrísí ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́, nítorí awọ máa ń gba ìrísí ohun tí ó bá pẹ́ nínú rẹ̀. Rifọ́fà, tí ọta rẹ̀ ń gbé inú àgbá kékeré tí ń yí, máa ń mú kí ikùn àkọ̀ yọ síta. Ìbọn pẹlẹbẹ tí a ń ti ọta bọ inú èkù rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àkọ̀ kánfáàsì tí ó ní ìkọ́ idẹ lẹ́yìn, tí a sì ń fi bọ́tìnnì idẹ pa ìbòrí rẹ̀ dé, sábà máa ń jẹ́ ara ohun ìhámọ́ra tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 1937, tí ó bá rifọ́fà Enfield ti 1932 mu. Ti Jámánì yàtọ̀. Àkọ̀ ìbọn P.08, tí àwọn ọmọ ogun Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí lò ní 1908, jẹ́ awọ líle, ó sì ní àpò tẹ́ẹ́rẹ́ kan létí fún àfikún ọta.

Òǹtẹ̀ ara rẹ̀

Àmì ọfà olórí gbòòrò, tí ó dà bí ipa ẹsẹ̀ adìyẹ, ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ̀ sára ohun ìní rẹ̀. Bí ọfà náà bá wà nínú lẹ́tà C, ti Kánádà ni. Bí ó bá wà nínú U, ti South Africa ni. Lẹ́tà I sì ń tọ́ka sí Íńdíà. Orúkọ ilé iṣẹ́ àti ọdún sábà máa ń bá a rìn: M.E.Co. dúró fún Mills Equipment Company. Àwọn ará Jámánì ń tẹ orúkọ oníṣẹ́, ìlú àti ọdún, kí wọ́n tó fi lẹ́tà àdììtú rọ́pò orúkọ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Ọdún tí ó wà lára àkọ̀ ń sọ ìgbà tí a ṣe é nìkan; kò sọ ìgbà tí a lò ó, tàbí ẹni tí ó lò ó. Ọfà méjì tí wọ́n dojú ẹnu kọ ara wọn ní ìtumọ̀ tirẹ̀: ìjọba ti yọ ohun náà kúrò lára ohun ìní rẹ̀, ó sì ti tà á. Irú àkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ti ìdí gbàǹjo dé inú ilé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú ẹbí náà ṣe ológun rí.

Ọ̀nà tí ó gbà dé Èkó

Láti 1863, nígbà tí John Hawley Glover, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, kó àwọn Haúsá jọ di ẹgbẹ́ ọmọ ogun, ni ohun ìjà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti wà lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Èkó. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà bá Jámánì jà ní Kamẹrúùnù láàárín 1914 sí 1916. Garua ṣubú ní oṣù kẹfà, 1915. Àkọ̀ P.08 tí ó ní òǹtẹ̀ 1912 lè jẹ́ ìkógun láti ibẹ̀. Bí òǹtẹ̀ náà bá jẹ́ 1940, ìtàn Kamẹrúùnù kò lè dúró mọ́. Bákan náà, àkọ̀ tí a ṣe ní Íńdíà bá ìtàn Bọ́mà mu, nítorí Íńdíà ni ibùdó ìpèsè fún ogun tí ìpín ọmọ ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jà níbẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí ó bá ìtàn mu kò tíì di ẹ̀rí rẹ̀.

Ó yẹ kí a tún rántí irú ẹni tí ó ń gbé ìbọn ìléwọ́. Lábẹ́ ìjọba amúnisìn, ìbọn gígùn ni ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú ń gbé. Ọwọ́ àwọn ọ́físà òyìnbó ni ìbọn ìléwọ́ wọ́pọ̀ sí. Ọdún 1942 ni Seth Anthony, ọmọ Gold Coast, di ọ́físà, òun sì ni a mọ̀ sí ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ọwọ́ oníṣẹ́ awọ

Àkọ̀ tí kò ní òǹtẹ̀ kì í ṣe ohun ìjùnù. Awọ ewúrẹ́ rírọ̀ tí a pa láró pupa, ojú rírán tí kò dọ́gba bíi ti ẹ̀rọ, tàbí okùn awọ tí a fi rọ́pò ìkọ́ idẹ tí ó já, lè tọ́ka sí ọwọ́ oníṣẹ́ awọ Ọ̀yọ́ tàbí ti Kánò. Ara àkọ̀ lè wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí okùn rẹ̀ wá láti Ọ̀yọ́. Àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ni ó ń jẹ́rìí pé àkọ̀ náà gbé ilẹ̀ wa, pé ẹnìkan níbí sì kà á sí ohun tí ó yẹ kí a tọ́jú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi òróró tàbí pólíìṣì dán an, tàbí tí ó já okùn àtúnṣe dànù kí ó lè dà bí tuntun, ń pa ẹlẹ́rìí lẹ́nu mọ́.

Ìkádìí

Ó tọ́ kí àkọsílẹ̀ lórí irú àkọ̀ bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ ti ẹbí tàbí ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bíi ti Oníkàn, ya ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ́tọ̀, kí ó sì kọ ìtàn ẹnu sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtàn ẹnu, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́. Bí gbogbo àkọ̀ ìbọn bá di ti baba tí ó jẹ́ ọ̀gá lójú ogun, kò ní sí àyè mọ́ nínú ìtàn fún baba tí ó gbé ìbọn gígùn, tàbí alárùú tí ó ru ẹrù ọta gba inú igbó Kamẹrúùnù. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n pọ̀ jù.