Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe laptop tuntun, ẹ rántí àwa tá a máa rà á ní tòkunbọ̀

Lọ́dún tó kọjá, mo jókòó síwájú ẹnjiníà kan ní Computer Village, n'Ìkẹjà, bí ẹni tó ń retí èsì àyẹ̀wò nílé ìwòsàn. Laptop mi ló wà lórí tábìlì. Ọmọkùnrin náà ti tú gbogbo nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn rẹ̀, ó tan iná fóònù sí i nínú, ó wò ó títí, ó wá mí kanlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kò sí nǹkan tí mo lè yọ níbí o. Wọ́n ti jó ibi tó ń tọ́jú fáìlì mọ́ bọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ gan-an ló sì kú."

Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe laptop yẹn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ká mi lára. Fídíò ọjọ́ìbí àádọ́rin ọdún Màmá kan l'Abẹ́òkúta ni. Mo ti gé e tán, ó ku kí n fi ránṣẹ́. Màmá dìde níbẹ̀, ó dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ki wọ́n ní oríkì, ó sì gbàdúrà fún wọn. Káàdì kámẹ́rà ti ṣòfo, torí mo ti lò ó fún iṣẹ́ mìíràn. Mo dá owó iṣẹ́ padà fún àwọn ọmọ Màmá. Àdúrà yẹn ni mi ò rí dá padà.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí ló dé tí mi ò fi ẹ̀dà kan pa mọ́ síbòmíì. Ẹ̀bi mi nìyẹn, mo gbà, mo sì ti kọ́gbọ́n. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, tí àwọn èèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo laptop tuntun tó ń bọ̀, ìbéèrè tèmi ti yàtọ̀. Mi ò bèèrè bó ṣe yá tó mọ́. Ohun tí mò ń bèèrè ni pé: tó bá kú, kí ni ẹnjiníà máa lè yọ nínú rẹ̀?

Àhesọ tó gba ìgboro báyìí dá lórí MacBook Pro. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, oṣù tí Apple gbé MacBook Pro oníínṣì 14 tó ní chip M5 jáde, ni Mark Gurman, akọ̀ròyìn Bloomberg, kọ ọ́ pé wọ́n ti ń múra òmíràn sílẹ̀ fún ìparí 2026 tàbí ìbẹ̀rẹ̀ 2027. Ó ní ojú rẹ̀ máa jẹ́ OLED, èèyàn á lè fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ bíi fóònù, ara rẹ̀ á sì tún fẹ́lẹ́ sí i. Àhesọ ṣì ni o, torí Apple kì í sọ̀rọ̀ nípa ohun tí wọn ò tíì gbé síta. Ṣùgbọ́n igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ti pé èèyàn á lè fọwọ́ tẹ ojú laptop ò jẹ́ tuntun rárá. Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń lo Windows ti ń ṣe é. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, Steve Jobs fúnra rẹ̀ sọ lórí pèpéle pé kò bójú mu, pé apá máa ń ro èèyàn tó bá ń na ọwọ́ sí ojú tó dúró ṣánṣán. Ó dáa, ayé ń yí, èrò náà sì lè yí. Ọ̀rọ̀ tó ń já mi láyà nínú àhesọ yẹn ni "fẹ́lẹ́."

Ṣé ẹ rántí 2016? Lọ́dún yẹn, Apple ṣe MacBook Pro tó fẹ́lẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kó bàa lè fẹ́lẹ́, wọ́n yọ ihò HDMI. Wọ́n yọ ojú ihò káàdì kámẹ́rà. Wọ́n yọ MagSafe, ṣájà tó máa ń já fúnra rẹ̀ tí ẹnì kan bá fẹsẹ̀ kọ wáyà. USB-C nìkan ló kù, pẹ̀lú ihò ìgbọ́rọ̀. Àwọn tó ń ya fọ́tò àti àwọn tó ń gé fídíò wá di ẹni tó ń kó àdápítọ̀ kiri bí alájàpá.

Èyí tó burú jù ni kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní "butterfly," tí wọ́n ti kọ́kọ́ lò lórí MacBook kékeré ti 2015. Ó fẹ́lẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ tí eruku bíńtín bá kó sábẹ́ lẹ́tà kan, lẹ́tà náà lè má jáde mọ́, tàbí kó jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wo irú kíbọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ nígbà ọyẹ́ níbí! Kíbọ́ọ̀dù nìkan kọ́ ni wọ́n sì ń pààrọ̀ tó bá bàjẹ́. Wọ́n ti kàn án mọ́ òkè ara laptop, wọ́n sì ti fi gúlúù lẹ bátìrì mọ́ ibẹ̀, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ló ń lọ pọ̀. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2018, Apple kéde pé àwọn máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2022, wọ́n gbà láti san mílíọ̀nù 50 dọ́là láti fi parí ẹjọ́ táwọn oníbàárà pè wọ́n l'Amẹ́ríkà.

Kí ni wọ́n wá ṣe lẹ́yìn náà? Wọ́n padà sẹ́yìn ni. Ní ìparí 2019, wọ́n dá kíbọ́ọ̀dù tó ṣeé tẹ̀ padà sórí MacBook Pro oníínṣì 16. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, HDMI padà, ihò káàdì kámẹ́rà padà, MagSafe padà. Oníínṣì 16 ti 2019 nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 1.62. Ti 2021 jẹ́ 1.68, ó sì tún wúwo sí i díẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́ pé ẹnikẹ́ni sunkún? Inú àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun dùn ni. Ọdún márùn-ún gbáko ló gbà wọ́n kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹni tó ń fi laptop ṣiṣẹ́ kò kọ ìnípọn, tí iṣẹ́ bá ṣáà ti ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣòótọ́, kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n yọ ni wọ́n fi ojúkòkòrò yọ. Ẹ wo RAM. Láyé àtijọ́, èèyàn lè ra laptop oní-4GB, kó gbé e lọ s'Ìkẹjà, kí wọ́n sọ ọ́ di 8GB kó tó mu mínírà tán. Láti 2012, tí MacBook Pro onójú Retina jáde, ni Apple ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó RAM mọ́ bọ́ọ̀dù lórí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí wà níbẹ̀. Tí RAM bá sún mọ́ chip gbágbágbá, ọ̀rọ̀ máa ń yá láàárín wọn, iná tí wọ́n ń jẹ sì máa ń kéré. Nígbà tí chip M1 jáde lóṣù kọkànlá ọdún 2020, ara ohun tó jẹ́ kí bátìrì rẹ̀ máa pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Fún àwa tí NẸ́PÀ lè mú iná láàárọ̀ kó má dá a padà títí ilẹ̀ á fi ṣú, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ kóòdù ní Yábàá sọ pé láti ìgbà tóun ti ra irú laptop bẹ́ẹ̀, owó epo jẹnẹrétọ̀ òun ti wálẹ̀. Jíjó tó ń dí wa lọ́wọ́ àtúnṣe yìí kan náà ló ń bá wa ṣẹ́ owó epo kù.

Kódà Framework, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó sọ ara rẹ̀ di ìlú mọ̀ọ́ká láti 2021 nítorí laptop tí oníbàárà lè tú kó sì tún ṣe fúnra rẹ̀, jó RAM mọ́ bọ́ọ̀dù nígbà tí wọ́n kéde kọ̀ǹpútà orí tábìlì wọn ní 2025. Àlàyé wọn ni pé chip AMD tí wọ́n lò kò lè ṣiṣẹ́ dé ojú ìwọ̀n rẹ̀ tí RAM bá ṣeé yọ. Tí ọ̀rọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ràn àtúnṣe tó bẹ́ẹ̀ tí òun náà ní apá òun ò ká a, ó yẹ ká gbà pé ìṣòro wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Bátìrì náà ní ààlà tirẹ̀. Òfin ọkọ̀ òfuurufú ò gba bátìrì tó ju 100 watt-hour lọ láìgba àṣẹ pàtàkì, MacBook Pro oníínṣì 16 ti 2021 sì ti wà ní 99.6. Kò síbi tí wọ́n tún lè sún un sí. Tí wọ́n bá fẹ́ kí iná pẹ́ sí i, àfi kí chip àti ojú laptop dín oúnjẹ kù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ OLED ti wọlé. Lórí OLED, ibi tó bá dúdú ti kú pátápátá, kò jẹ iná rárá, àwòrán sì máa ń rẹwà lójú. Àmọ́ tí ẹ bá ṣí ìwé funfun látàárọ̀ dalẹ́, bí àwa akọ̀wé ṣe ń ṣe, iná tó máa jẹ lè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó bá sì dúró sójú kan fún wákàtí púpọ̀ lójoojúmọ́ lè fi ojú àpá sílẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Láti 2024 ni iPad Pro ti ń lo OLED onípele méjì tó ń pín iṣẹ́ náà ṣe. Ó lè dín ìṣòro yìí kù. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gbé tímláìnì fídíò sójú iPad fún wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́ fún ọdún mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀, bá a ṣe ń lo laptop níbí nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi dé gan-an nìyí. Ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́ ló máa ra laptop yẹn lọ́dún tó bá jáde. Ẹnì kan ní London tàbí Houston ló máa kọ́kọ́ rà á. Á lò ó fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ á pààrọ̀ rẹ̀, ẹnì kan á kó o sínú kòǹténà, á sì balẹ̀ sí Òtígbà ní nǹkan bí 2031 pẹ̀lú orúkọ tuntun: "UK used." Ohun tí wọ́n bá pinnu ní California lónìí ló máa jẹ́ wàhálà ẹnjiníà n'Ìkẹjà nígbà náà. Wọ́n ń fi ọdún mẹ́ta wọn ṣe ìṣirò. Àwa la máa gbé ọdún márùn-ún tó kù.

Torí náà, ìlànà tèmi rèé, mo rò pé kò le jù: ohun tí kì í tètè gbó, ẹ lè jó o mọ́ bọ́ọ̀dù. Ohun tó máa gbó dandan, ẹ jẹ́ kó ṣeé yọ.

RAM kì í sábà kú. Ẹ jó o, àmọ́ ẹ jẹ́ kó pọ̀ tó láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má sì fi ìyẹn rẹ́ wa jẹ. Ní 2023, Apple ṣì ń ta MacBook Pro oníínṣì 14 oní-8GB ní 1,599 dọ́là. Ẹni tó bá fẹ́ fi 8GB kún un, 200 dọ́là. Nígbà tó di 2024, wọ́n fi 16GB sí i, iye owó rẹ̀ ò sì yí padà. Wọ́n lè ṣe é nígbà náà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n bátìrì ń gbó. Kíbọ́ọ̀dù ń gbó. Ihò ṣájà ń gbó. Ibi tó ń tọ́jú fáìlì náà ń gbó, torí iye ìgbà tó lè gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lóǹkà. Kí ló dé tí wọ́n fi ń jó ìyẹn mọ́ bọ́ọ̀dù laptop? Nínú Mac mini tí Apple gbé jáde ní 2024, ó ṣeé yọ. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, wọn ò kàn fẹ́ ni.

Àwọn mìíràn náà sì ti ń fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ní 2024, Lenovo dá àyè RAM méjì tó ṣeé yọ padà sínú ThinkPad T14. Lọ́dún kan náà, wọ́n fi irú RAM tuntun tí wọ́n ń pè ní LPCAMM2 sínú ThinkPad P1: kò jẹ iná púpọ̀, nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi dè é, ẹ sì lè tú u. Òfin náà ń bọ̀ lọ́nà. Láti oṣù kejì ọdún 2027, àjọ European Union fẹ́ kí oníbàárà lè yọ bátìrì ohun èlò rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó sì fi òmíràn sí i. Kì í ṣe torí tiwa ni wọ́n fi ṣòfin yẹn, àmọ́ nínú kòǹténà kan náà ni àǹfààní rẹ̀ máa bá wa dé.

Ní báyìí ná, kí ẹ tó san owó tòkunbọ̀, ẹ má wo ẹwà ojú rẹ̀ nìkan. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ bi í léèrè pé: bátìrì ńkọ́, gúlúù ni àbí nọ́ọ̀tì? Ibi tó ń tọ́jú fáìlì ńkọ́, ó ṣeé yọ? Tí wọ́n bá ti jó o, ẹ ra díráìfù ìta lọ́jọ́ náà gan-an, kẹ́ ẹ sì máa kó iṣẹ́ yín sí i lálaalẹ́. Èmi ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ ni.

Àwọn àgbà ní òṣùpá lé, ẹ ní kò gún. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o, kó tún un ṣe. Ọmọkùnrin Ìkẹjà yẹn, ọwọ́ rẹ̀ tó o. Irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọgbọ́n wà lórí rẹ̀. Àwọn tó ṣe laptop yẹn ni ò fún un láyè.