Láti Ẹsẹ̀ Yẹkínì dé Ọwọ́ Gabriel: Ọjọ́ Kan Nínú Cotton Bowl

Ọkọ̀ ojú irin já wa sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Fair Park, ní ìlú Dallas, láàárọ̀ Sátidé ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2023. Aago mọ́kànlá ni eré máa bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n èrò ti kún bámúbámú tipẹ́. Aṣọ àwọ̀ méjì ló gba gbogbo ojú ọ̀nà: àwọ̀ ọsàn ti Yunifásítì Texas, àti pupa fòò ti Yunifásítì Oklahoma. Ère ọkùnrin gìrìwò kan tí wọ́n ń pè ní Big Tex dúró lókè orí wa, ó dé fìlà àwọn darandaran, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 55, ohùn sì ń ti ẹnu rẹ̀ jáde tó ń kí àlejò káàbọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń din sọ́séèjì tí wọ́n fi igi gún, tí wọ́n rì bọ inú pípò ìyẹ̀fun àgbàdo. Òórùn epo gba gbogbo àyíká.

Ìpàtẹ ìpínlẹ̀ Texas nìyẹn, èyí tó ti wà láti ọdún 1886. Pápá ìṣeré tó wà láàárín rẹ̀ ni mo wá wò ní tèmi. Cotton Bowl ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1930 ni wọ́n kọ́ ọ. Ìbéèrè kan ló gbé mi débẹ̀, èyí tí àwọn bàbá tí wọ́n kó wá láti ilé àti àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà máa ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nínú pálọ̀: nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá àti bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èwo ló gba àtinúdá jù, èwo ló sì gba ìmọ̀ọ́ṣe jù?

Ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ ronú sí ìbéèrè yìí kò lè rí ibi tó dára ju pápá yìí lọ. Ibí ni Ràṣídì Yẹkínì ti jẹ góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú ìdíje Ife Àgbáyé, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1994. Wọ́n ti ká kápẹ́ẹ̀tì oníke kúrò nílẹ̀, wọ́n sì ti gbin koríko sí i nítorí ìdíje náà. Ìṣẹ́jú kọkànlélógún ni. Finidi George gba apá ọ̀tún, ó ta bọ́ọ̀lù náà gba iwájú ilé, Yẹkínì sì tì í wọlé àwọn ará Bulgaria. Ó sáré wọ inú ilé náà, ó di àwọ̀n mú, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ ojú àwọ̀n, ó ń ké. Ọmọ Ìrá ní ìpínlẹ̀ Kwara, tí wọ́n bí sí Kàdúná, tí àwọn ará Ìbàdàn mọ̀ dáadáa láti ìgbà tó wà ní Shooting Stars. Amokachi àti Amunike fi ọ̀kọ̀ọ̀kan kún un, ó di mẹ́ta sí òdo. Bulgaria yìí kan náà ló parí ìdíje ọdún náà sí ipò kẹrin. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí Nàìjíríà gbá lọ́dún náà, orí pápá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbá wọn: ọ̀kan níbí, mẹ́ta ní Foxboro lẹ́bàá Boston.

Téèyàn bá wọlé, ìsàlẹ̀ ni yóò wo pápá, nítorí wọ́n gbẹ́ ẹ wọ inú ilẹ̀ ni. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ méjèèjì ń gbà jáde. Àwọn òǹwòran pín sí méjì gẹ́lẹ́ níbi ìlà àárín pápá: apá kan jẹ́ àwọ̀ ọsàn, apá kejì pupa, kò sí àdàlù. Ariwo ọ̀hún ń mi àga tí mo jókòó lé.

Mo fi ojú sí ẹ̀gbẹ́ ìlà ju pápá lọ níbẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Kí eré kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́kùnrin mélòó kan á máa fi ọwọ́ ṣe àmì, wọ́n á fọwọ́ kan orí, kan àyà, kan orúnkún. Àwọn mìíràn á gbé pátákó tí àwòrán wà lára rẹ̀ sókè. Gbogbo agbábọ́ọ̀lù á kọjú sí wọn. Àṣẹ ni wọ́n ń gbà. Àwọn ọ̀jẹ̀ NFL, ìdíje àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ṣe iṣẹ́, ti ń fi ẹ̀rọ inú akoto gbọ́ ohùn kóòṣì wọn láti ọdún 1994, ṣùgbọ́n àwọn yunifásítì kò tíì fàyè gba irú rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo lọ. Ọdún 2024 ni wọ́n tó gbà á. Lẹ́yìn àmì, kọ́tàbáàkì, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, á wo bí àwọn adènà ṣe tò, á pariwo, á nawọ́, nígbà mìíràn á pa àṣẹ náà dà. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀lù á kúrò nílẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin sí mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ á ti parí, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àmì. Ìwé ìròyìn Wall Street Journal ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2010: nínú eré NFL tó ń gbà ju wákàtí mẹ́ta lọ, nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 péré ni bọ́ọ̀lù fi wà lẹ́nu eré.

Ọ̀pọ̀ ará ilé ti gbọ́ èyí rí, wọ́n sì ń pòṣé. Èmi rí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀. Àtinúdá eré yìí wà lóòótọ́, àmọ́ ó ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì kóòṣì láàárín ọ̀sẹ̀, níbi tó ti jókòó ti fídíò alátakò, tó ń wá ibi tí ọgbà wọn ti ya. Ohun tí à ń rí lórí pápá ni àwọn ọkùnrin mọ́kànlá tí wọ́n ń sọ ìrònú ẹlòmíràn di ìṣe láìfi ẹsẹ̀ kan ṣìṣe.

Àwọn márùn-ún tó wà níwájú kọ́tàbáàkì ni mo wá tẹjú mọ́. Púpọ̀ nínú wọn ju kílò 130 lọ. Yàtọ̀ sí ẹni àárín tó ń ti bọ́ọ̀lù sẹ́yìn fún kọ́tàbáàkì, wọn kì í sáàbà fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹnikẹ́ni kì í sì í pe orúkọ wọn. Síbẹ̀, bí ẹnì kan nínú wọn bá gbé ẹsẹ̀ òsì nígbà tó yẹ kó gbé ọ̀tún, wọ́n á da kọ́tàbáàkì dọ̀bálẹ̀. Omele ni wọ́n nínú agbo ìlù yìí. Kọ́tàbáàkì ni ìyáàlù, òun ló lè yí ohùn padà. Omele kò gbọdọ̀ kúrò lórí ìlù tó ń lù, ijó ò sì lè dùn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá pe iṣẹ́ wọn ní ipá lásán kò tíì wo ẹsẹ̀ wọn.

Nígbà ìsinmi, àwọn ẹgbẹ́ onífèrè méjèèjì bọ́ sórí pápá. Mo lọ ra omi, ibẹ̀ ni mo ti pàdé ẹ̀gbọ́n kan tó wọ ẹ̀wù Texas, tó ń fi Yorùbá bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo kí wọn. Ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n.

“Ẹ kú ìgbádùn o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin náà ń wo èyí?”

“Àbúrò, ọmọ ló fà mí wọ̀ ọ́. Ó ń gbá a nílé ẹ̀kọ́ girama. Mo kọ́kọ́ rò pé ìjà lásán ni. Ìgbà tí mo bá a lóru tó ń ka ìwé eré wọn, tó ń kọ́ ọ sórí bí ẹni fẹ́ ṣèdánwò, ni mo tó dákẹ́.”

“Ṣé ẹ ti gba tiẹ̀ nìyẹn?”

Wọ́n mi orí. “Mo gbà pé ọpọlọ ni wọ́n ń lò. Ṣùgbọ́n àwa tí a gbá mọ́ńkì pósì l'Ókè-Àdó, ta ló ń sọ ohun tá a máa ṣe fún wa? Ọmọ mi ò lè dá a ṣe kí kóòṣì má bi í léèrè. Ìyẹn ló ń dùn mí.”

Ọ̀rọ̀ wọn ò kúrò lọ́kàn mi. Ní mọ́ńkì pósì, òkúta méjì tàbí igi kéékèèké ni ilé, àyè ò sí, ilẹ̀ kò dọ́gba, ẹni tó bá pàdánù á jáde fún àwọn tó ń dúró. Kò sí kóòṣì. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló máa wá bí yóò ṣe tan ẹni tó dàgbà jù ú lọ jẹ. Irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ló mú Jay-Jay Okocha jáde ní Enugu. Lóṣù kẹjọ ọdún 1993, nígbà tó ń gbá fún Eintracht Frankfurt, ó mú bọ́ọ̀lù wọ iwájú Oliver Kahn, aṣọ́lé Karlsruhe, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, àwọn adènà ń ṣubú, ó tún yí i padà kó tó wá gbá a wọlé. Àwọn ará Jámánì dìbò yàn án ní góòlù ọdún náà. Kò sí pátákó kóòṣì tí wọ́n lè ya irú góòlù yẹn sí ṣáájú. Ó dá ọgbọ́n rẹ̀ níbẹ̀ ni, lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn ìsinmi ni mo rí ohun tí n kò lè gbàgbé. Texas gbé bọ́ọ̀lù dé yáàdì kan péré sí ìlà Oklahoma. Ìgbà mẹ́rin ni òfin fún wọn láti wọlé, ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni Oklahoma dá wọn dúró. Nígbà kẹrin, wọ́n ju bọ́ọ̀lù sẹ́gbẹ̀ẹ́ sí Xavier Worthy, ẹni tí eré sísá rẹ̀ yára bí àṣá, àwọn adènà sì dé ibẹ̀ kó tó kọjá ìlà. Adènà nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà kò mọ àṣẹ tí alátakò gbà. Ó ní láti kà á lára bí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ṣe ń gbé, kó pinnu, kó sì fò síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìmọ̀ọ́ṣe tó le nìyẹn, mo sì dìde pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Ó yẹ kí n dárúkọ àwọn tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ wa lọ sínú eré náà. Títí di ọdún 1964, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni àwọn ọ̀jẹ̀ fi ń gbá bọ́ọ̀lù sókè lọ́gbọọrọ. Pete Gogolak, tí ìdílé rẹ̀ sá kúrò ní Hungary, ló mú ìgbá àfẹsẹ̀gbá wọ ẹgbẹ́ Buffalo Bills lọ́dún náà: ó gba ẹ̀gbẹ́ wá, ó fi ẹ̀yìn ẹsẹ̀ gbá a. Gbogbo wọn ló ń gbá a bẹ́ẹ̀ báyìí. Obed Ariri, ọmọ Nàìjíríà, lọ sí yunifásítì Clemson láti gbá bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, ó sì di ẹni tó ń gbá góòlù sókè fún wọn nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Donald Igwebuike tẹ̀ lé e, òun ló sì wà níbẹ̀ nígbà tí Clemson gba adé gbogbo Amẹ́ríkà ní 1981.

Irú ìgbá bẹ́ẹ̀ ló gbé Texas síwájú nígbà tí àkókò ń tán lọ, ọgbọ̀n sí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó ku díẹ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ. Yáàdì 75 ni Oklahoma ní láti rìn. Dillon Gabriel, ọmọ Hawaii, tó ń fi ọwọ́ òsì ju bọ́ọ̀lù, ni kọ́tàbáàkì wọn. Ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sá yáàdì 113 lọ́jọ́ náà. Àyè ìrònú kò sí mọ́, àmì láti ẹ̀gbẹ́ ìlà kò pọ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré ni wọ́n fi rin ọ̀nà náà, ó sì ju ti ìkẹyìn sí Nic Anderson lẹ́yìn ìlà nígbà tó ku ìṣẹ́jú-àáyá 15. Oklahoma 34, Texas 30. Ìdajì pápá pa lọ́lọ́, ìdajì kejì ń ya wèrè.

Ìdájọ́ tèmi nìyí. Tó bá jẹ́ ká ṣe ohun kan láìṣìṣe lábẹ́ ìnira, bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ló le jù, kí àwọn ará ilé má fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ mọ́. Tó bá jẹ́ àtinúdá, bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ló jù ú lọ, nítorí pé ó pín in fún gbogbo àwọn mọ́kànlá, títí kan aṣọ́lé, kò sì dá eré dúró kó tó bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ ṣe. Nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ẹnì kan ló ní in lórí pápá, ìgbà tí ètò bá sì ti tú ká ló pọ̀ jù lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní bọ́ọ̀lù ní Èkó, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti ní Dallas fúnra rẹ̀. Mo ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá yín, mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń pariwo mọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ pé kó tètè gbé e fún ẹlòmíràn, kó má kúrò ní ààyè tí ẹ fún un. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ di ìgbà tó bá dàgbà. Ẹ jẹ́ kó mú bọ́ọ̀lù náà mọ́ ẹsẹ̀, kó gbé e kọjá ẹnì kan, kó pàdánù rẹ̀, kó sì tún lọ gbà á.