Bí A Ṣe Ń Kó Oògùn Apakòkòrò Ajẹnilára Láti Òkè Òkun

Nígbà tí a yẹ ìwé ẹgbẹ́ àwọn olùsìn adìyẹ kan wò láìpẹ́ yìí, a rí ohun kan nínú ìwé ìpàdé wọn tí ó kọ wá lóminú. Wọ́n ti fẹnu kò pé kí a yọ owó nínú àpò ẹgbẹ́, kí a fi ra oògùn apakòkòrò tí a fi ń fọ ilé adìyẹ láti London, nítorí pé ògidì rẹ̀, èyí tí a ó máa fi omi là, kò wọ́n tó ti ọjà wa. Títí dé ibẹ̀ kò sí àléébù. Ṣùgbọ́n wọ́n tún kọ ọ́ pé àbúrò akọ̀wé tí ó wà lọ́hùn-ún yóò to àwọn kẹ́ẹ̀gì náà sínú àgbá ike, láàrin aṣọ àti ìrẹsì, kí owó ẹrù má baà pọ̀. A ní kí wọ́n dá owó náà dúró ná. Ìdí rẹ̀ ni a fẹ́ là yé gbogbo yín.

Púpọ̀ nínú ògidì oògùn wọ̀nyí ń jẹ ẹran ara, ó sì ń jẹ irin. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pín ẹrù eléwu sí ọ̀nà 9, ìkẹjọ sì ni ti àwọn ajẹnilára. Oògùn apakòkòrò olómi tí ó ń jẹni lára, tí kò sì ní orúkọ tirẹ̀ nínú ìwé òfin, ń jẹ́ UN 1903. Omi tí a fi ń bó aṣọ, irú èyí tí ẹ̀ ń pè ní jíìkì, ń jẹ́ UN 1791 bí ó bá lágbára tó. Nọ́ńbà yìí ni gbogbo èbúté ayé fi mọ̀ ọ́n. A tún pín wọn sí ipò mẹ́ta. Ti ipò kìíní, bí ó bá kan ara fún ìṣẹ́jú 3 péré, yóò jẹ awọ já. Ti ìkejì kò ju wákàtí kan lọ. Ti ìkẹta lè gbà tó wákàtí 4. Àwọn mìíràn sì wà níbẹ̀ tí kì í jẹ awọ, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń jẹ irin. Ẹni tí ó bá ń sọ pé oògùn ìfọlé lásán ni, kí ó rò ó wò.

Èyí tí a ti là tán lè ṣàì sí lára ẹrù eléwu rárá. Nítorí náà, ẹ má ṣe méfò. Ẹ béèrè ìwé ààbò tí ẹni tí ó ṣe oògùn náà kọ, kí ẹ sì ṣí i sí ìsọ̀rí 14. Nọ́ńbà àti ipò rẹ̀ wà níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo kẹ́ẹ̀gì ni ó tó í gbé e. Èyí tí a ti dán wò ní àmì u àti n nínú òbìrí kan lára, lẹ́yìn náà 3H1 fún kẹ́ẹ̀gì ike, pẹ̀lú lẹ́tà kan: X gba ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Y gba ìkejì àti ìkẹta, Z gba ìkẹta nìkan. Kẹ́ẹ̀gì òróró tí a fọ̀ kò sí níbẹ̀. Jíìkì a sì máa mí. Afẹ́fẹ́ ń jáde lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ni ìdérí rẹ̀ fi ní ihò ìmí, tí a kò sì gbọdọ̀ dà á dùbúlẹ̀. Bí ó bá pàdé ásíìdì, gáàsì olóró ni yóò yọ. Ẹ wá wo irú rẹ̀ lórí ìrẹsì tí ọmọ yóò jẹ!

Ẹni tí ó fi ẹrù ránṣẹ́ ni ó ń fọwọ́ sí ìwé ìjẹ́wọ́: nọ́ńbà, orúkọ, ipò àti iye rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2004 ni ìlànà ẹrù eléwu ti di ọ̀ranyàn lórí òkun. Àbúrò akọ̀wé, tí kò jẹ èrè kankan, ni òfin ìbá kọ́kọ́ mú. Ẹ̀dínwó díẹ̀ wà fún ìgò kéékèèké (lítà 1 fún ipò kejì, lítà 5 fún ìkẹta, kí páálí má ju kílò 30 lọ), ṣùgbọ́n ìwé ìjẹ́wọ́ kò yẹ̀ lórí òkun.

Ti ọkọ̀ òfuurufú tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ọdún 1973, ọkọ̀ akẹ́rù Pan Am kan gbéra ní New York. Wọ́n ti fi ìyẹ̀fun pákó ká ìgò ásíìdì inú rẹ̀ mọ́. Ásíìdì náà jò, ó bá ìyẹ̀fun pákó jà, èéfín sì bo ibi tí awakọ̀ jókòó. Ọkọ̀ náà já ní Boston, àwọn mẹ́ta tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú.

Ohun tí a sọ fún ẹgbẹ́ náà ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá NAFDAC, nítorí òun ni òfin fi àkóso kẹ́míkà tí ń wọlé sí lọ́wọ́. Kí wọ́n wá akẹ́rù tí ó ń gba ẹrù eléwu ní tòótọ́, kí wọ́n sì fi owó rẹ̀ kún ti oògùn kí wọ́n tó sọ pé ó dín. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, èrè tí wọ́n ń fọkàn sí fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nítorí kẹ́ẹ̀gì wọn kéré. Wọ́n ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ adìyẹ mìíràn sọ̀rọ̀ báyìí kí wọ́n lè rà á pọ̀. Ẹgbẹ́ tí ó bá ní irú èrò yìí, kí ó fi ìwé ààbò oògùn náà hàn wá kí ó tó san kọ́bọ̀ kan fún ẹnikẹ́ni.